Ìtàn Ìgbà Òtútù Nínú Oṣù Keje: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Létí Adágún

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú ìgbìmọ̀ wa, mo kí yín, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé ètò tí ẹ kọ fún àpéjọ ìgbà ooru tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Mo ń kà á, inú mi ń dùn, títí mo fi dé ìlà kẹfà, níbi tí ẹ kọ ọ́ sí pé ní agogo mẹ́rin ọ̀sán, àgbà kan láti inú ẹ̀yà Ojibwe, ọ̀kan nínú àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà, yóò pa ìtàn Nanabozho, ẹ̀mí ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú ìtàn wọn tí ó máa ń gbé àwọ̀ ehoro wọ̀, fún àwọn ọmọdé lábẹ́ igi. Mo gbé ìwé náà sílẹ̀, mo dìde, mo lọ bu omi mu. Ọdún yìí ni ó pé ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà lára àwọn tí ń ṣètò àpéjọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí à ń ṣe lọ́dọọdún ní ọgbà ìtura etí adágún yìí ní ìpínlẹ̀ Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ìlà kẹfà yẹn gan-an ni èmi náà sì fi ọwọ́ ara mi kọ ní ọdún kejì tí mo dé. Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà kan wà tí mo ti ká pamọ́ láti ìgbà náà. Mo fẹ́ tú u sílẹ̀ lónìí kí ẹ wò ó.

N ó gbìyànjú láti to ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹẹsẹ.

Ẹ̀kọ́ kìíní dá lórí orúkọ, kò sì yẹ kí ó pẹ́ wa. Ẹ má pe àwọn onílẹ̀ ní orúkọ àpapọ̀ níbi tí ẹ bá ti lè pè wọ́n ní orúkọ wọn. Orílẹ̀-èdè onílẹ̀ 11 ni ìjọba mọ̀ ní Minnesota lónìí: mẹ́rin jẹ́ ti Dakota, méje jẹ́ ti Ojibwe, èdè àwọn méjèèjì kò sì bá ara wọn tan, bí èdè Yorùbá àti Hausa kò ti bá ara wọn tan. Adágún ńlá tí gbogbo wa ń sáré yí ká ní Minneapolis, Bde Maka Ska ni àwọn Dakota ń pè é. Ní ọdún 1829 ni olóyè wọn kan, Maḣpiya Wicasta, ìyẹn Ọkùnrin Àwọsánmà, tẹ abúlé àgbẹ̀ dó sí etí rẹ̀. Síbẹ̀, fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, orúkọ John C. Calhoun ni wọ́n fi ń pe omi náà, igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà tí ó fi gbogbo ẹnu gbèjà ìfiniṣẹrú. Ní 2015 ni orúkọ Dakota padà sí ara pátákó etí adágún, ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i ní 2018, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Minnesota kí ó tó yanjú ní 2020. Bí ọmọ Yorùbá kan bá tún kọ orúkọ àtijọ́ yẹn sínú ìwé ìpolongo wa, kí ó kọ́kọ́ ronú wò pé ta ni ọkùnrin náà ń jà pé kí wọ́n máa rà, kí wọ́n sì máa tà.

Ẹ má sì máa sọ̀rọ̀ àwọn onílẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti kú tán. Ìjọba Amẹ́ríkà so ọkùnrin Dakota 38 kọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo ní ìlú Mankato, ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1862, ọdún tí ó tẹ̀ lé e sì ni òfin lé Dakota kúrò ní ìpínlẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ ọmọ àwọn tí ó padà wá ni ẹ ń rí nídìí ìlù ní àpéjọ wa. Ẹ má pe ohun tí wọ́n wọ̀ ní aṣọ eré. Ẹ wo bí yóò ti rí lára yín bí àlejò kan bá pe agọ̀ egúngún bàbá yín ní aṣọ eré.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé kì í ṣe kàlẹ́ńdà tí ó wà lára ògiri ọ́fíìsì ni ó ń yan ọjọ́ àpéjọ. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, a mú ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹta fún àpéjọ igi maple, a tẹ ìwé, a pe ènìyàn, gbogbo wa sì dúró ti korobá òfìfo, ọwọ́ wa nínú àpò, nítorí pé omi igi náà kì í sun àfi bí òru bá ń dì tí ọ̀sán sì ń yọ́. Bí ó bá tilẹ̀ sun, nǹkan bí gálọ́ọ̀nù 40 ni a óò sè kí ó tó di gálọ́ọ̀nù oyin igi kan. Bákan náà ni ìrẹsì inú omi, manoomin, tí wọ́n ń kó láti ìparí oṣù Kẹjọ wọ oṣù Kẹsàn-án. Ènìyàn méjì ni ó máa ń wà nínú ọkọ̀: ẹnì kan ń fi ọ̀pá gígùn ti ọkọ̀ lọ, ẹnì kejì mú igi fẹ́ẹ́rẹ́ méjì lọ́wọ́, ó ń fi ọ̀kan tẹ pòròpórò ìrẹsì wọ inú ọkọ̀, ó ń fi èkejì rọra lù ú. Èyí tí ó gbó yóò jábọ́, èyí tí kò tíì gbó yóò dúró de ọjọ́ mìíràn, èyí tí ó bá sì bọ́ sómi ni irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ ra ìrẹsì oko tí ó dúdú tí ó ń dán ní ṣọ́ọ̀bù kí ẹ wá sè é fún wọn. Èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kó tí wọ́n sì fi iná igi yan máa ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, kì í pẹ́ jinná, àgbà tí ó bá wo inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan ti mọ èyí tí ẹ sè.

Ẹ̀kọ́ kẹta ni mo fẹ́ pè ní bí a ṣe ń bẹ àgbà níṣẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè kọ ọ́ bí òfin. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ní ọdún kejì yẹn, mo fẹ́ kí àpéjọ oṣù Keje jẹ́ èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní gbàgbé. Wọ́n júwe ìyá Ojibwe kan fún mi, ẹni tí gbogbo ìlú mọ̀ sí olùpìtàn. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí i. Ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú 20, iye owó, àti fọ́ọ̀mù kan tí yóò buwọ́ lù, gbogbo rẹ̀ ni mo tò síbẹ̀ bí ẹni tí ó ń ra símẹ́ńtì. Gbólóhùn kan ni ó fi dá mi lóhùn: kí n wá bi òun nígbà tí yìnyín bá wà nílẹ̀. Mo rò pé iṣẹ́ ni ó pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà ooru. Mo tún kọ̀wé, mo fi ọgọ́rùn-ún dọ́là lé owó náà. Kò dáhùn mọ́.

Ẹnì kan wà nínú ìgbìmọ̀ wa nígbà náà tí ó ka gbogbo ímeèlì wọ̀nyẹn, tí ó ti bá àwọn Ojibwe gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì mọ ohun tí ìyá náà ń sọ dáadáa. Kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bàjẹ́ tán, ó ní, “Mo rò pé o mọ̀ ni.” Wọ́n ti ní kí n dárí jì í, mo sì ti gbìyànjú. Ẹ jẹ́ kí a fi í síbẹ̀.

Mo wá ọ̀dọ́mọkùnrin Ojibwe kan kàn, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, tí ó ti pìtàn fún àwọn ọmọ ilé-ìwé rí. N kò bi í pé inú oṣù wo ni. A ya àwòrán ehoro sí ara ìwé ìpolongo, a lẹ̀ ẹ́ káàkiri.

Ọjọ́ náà dára. Àwọn ọmọdé ń jáde nínú adágún pẹ̀lú omi lára, pẹ́pẹ́yẹ ńlá ìgbẹ́ ń rìn láàárín ènìyàn bí ẹni tí ó san owó ìwọlé, ọkùnrin mẹ́rin jókòó yí ìlù ńlá kan ká, wọ́n ń lù ú, wọ́n ń kọrin. Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, mo gbé gbohùngbohùn lé ọ̀dọ́mọkùnrin wa lọ́wọ́. Ó gbójú sókè, ó sì rí ìyá náà ní iwájú, lórí àga tí ó gbé wá láti ilé, ìborùn lórí eékún rẹ̀. Ó kí i ní èdè wọn. Ìyá sọ ọ̀rọ̀ mélòó kan padà, kò pariwo, ojú rẹ̀ kò sì le. Ọmọ náà dá gbohùngbohùn padà fún mi, ó ní kí n má bínú, òun kò lè ṣe é.

Ó tó igba ènìyàn tí ń wò mí. Bí mo bá ní ọgbọ́n ni, ǹ bá ní kí àwọn onílù máa bá a lọ. Ìwé àwọn ọmọdé kan wà lórí tábìlì tí mo yá ní ilé ìkàwé láti fi ṣe àfihàn, ìtàn Nanabozho ni ó wà nínú rẹ̀. Mo mú un. Mo ní ta ni kò mọ ìtàn í pa? Mo kọ́ àwọn ọmọ náà ní ègbè wa, mo ní bí mo bá ti ké, kí wọ́n dáhùn. Mo wá figbe ta pé, “Ààlọ́ o!” Àwọn ọmọdé funfun, dúdú, onílẹ̀, gbogbo wọn figbe dáhùn, “Ààlọ̀!”

Mo ti dé ojú ewé kẹta nígbà tí mo gbọ́ ìró irin àga tí wọ́n ń ká. Ìyá náà ti dìde. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ká àga rẹ̀, ó fi í sí abíyá, kò wo ọ̀dọ̀ mi rárá. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ìdílé kan tún dìde, òmíràn tún dìde, kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ burúkú sí mi, ìbá sì sàn bí wọ́n bá sọ ọ́. Àwọn onílù da búláńkẹ́ẹ̀tì bo ìlù wọn, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbé e bí ẹni gbé ọmọ tí ó ti sùn, wọ́n kọjá níwájú mi lọ sídìí ọkọ̀. Ohun tí ó ń dùn mí jù títí di òní ni pé n kò dákẹ́. Mo ka ìwé náà dé ojú ewé tí ó gbẹ̀yìn, fún àwọn tí ó kù, tí wọ́n ń lá áísìkirímù. Ìkòkò ìrẹsì wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò bù tó ìlàjì rẹ̀.

Àwọn tí ó fún wa lówó kọ lẹ́tà ìyìn sí wa ní ọ̀sẹ̀ náà, nítorí pé agogo mẹ́ta ni wọ́n ka orí ènìyàn.

Nígbà tí àpéjọ ìrẹsì dé ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn onílù kò wá, àwọn tí ń fi ọkọ̀ hàn wá kò dáhùn. Mo gbójú lé e pé wọn yóò gbàgbé. Nínú oṣù Kejìlá ni ọ̀kan nínú àwọn onílù náà ṣàánú mi, ó ní kí n mú tábà lọ bá ìyá, kí n má sì gbé ìwé kankan dání. Yìnyín dé orúnkún mi ní ojú ọ̀nà ilé rẹ̀. Mo na tábà náà sí i ní ẹnu ọ̀nà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó gbà á. Nílé wa, ta ni yóò lọ bá àgbà láti béèrè ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ láìmú obì dání? Ímeèlì ni mo fi lọ bá tiwọn.

Ó po tíì fún mi, ó wá bi mí ní ìbéèrè kan: nílùú tiwa, ìgbà wo ni a máa ń pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀? Mo la ẹnu láti sọ pé kò sí ìgbà kan pàtó. Ẹnu mi ṣì là nígbà tí ohùn màmá wa àgbà dé sí mi létí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ àlọ́ lọ́sàn-án, màmá yóò fi ìka kan wa lórí, wọn yóò ní kí a lọ wá iṣẹ́ ṣe, pé ọmọ tí ó bá ń pa àlọ́ lọ́sàn-án, ìyá rẹ̀ ni ó ń fi ṣeré. Alẹ́ ni tiwa, lẹ́yìn oúnjẹ, lábẹ́ òṣùpá. Èmi tí mo mọ èyí kí n tó mọ ìwé kà ni mo dúró sójú oòrùn ní agogo mẹ́rin, tí mo ń ké ààlọ́ o. Mo sọ ọ́ fún un bí ó ti rí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ó rẹ́rìn-ín.

Ó ṣàlàyé fún mi pé oríṣi méjì ni ìtàn lọ́dọ̀ wọn. Dibaajimowin ni ìròyìn ohun tí ojú rí, bí bàbá ẹni ṣe kan ọkọ̀, bí ìjì ṣe jà ní ọdún kan. Ìgbàkígbà ni a lè sọ ọ́. Aadizookaan ni ti Nanabozho àti àwọn ẹ̀mí, ìgbà tí yìnyín bá bo ilẹ̀ ni a ń pa á, nítorí pé ejò, ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ẹ̀dá mìíràn ń sùn lábẹ́ ilẹ̀ nígbà náà, wọn kò gbọ́ ohun tí à ń fi orúkọ wọn ṣe. Bí àwa náà ṣe ya ìtàn sọ́tọ̀ kúrò lára àlọ́ ni. Kò pa ọ̀kankan fún mi lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní kí n padà wá ní oṣù Kejì, kí n kó ènìyàn wá.

Ènìyàn bí ọgbọ̀n ni a jẹ́ nínú ahéré etí adágún lọ́jọ́ náà, iná ń jó láàárín wa, omi ti dì débi pé ọkọ̀ ń rìn lórí rẹ̀ níta. Ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́sí wà níbẹ̀, òun ni ó ń ko igi sí iná. N kò ní kọ ohun tí ìyá sọ síbí, nítorí pé ìgbà ooru ni ẹ ó ka lẹ́tà yìí. Àpéjọ yẹn ni ó ti di àpéjọ ìgbà òtútù wa láti ìgbà náà, mo sì lè fọ́nnu pé nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun nìkan ni ènìyàn ń béèrè ọjọ́ rẹ̀ kí a tó kéde.

Nítorí náà, mo ti fa igi lé ìlà kẹfà yín. Bí ẹ bá fẹ́ kí ẹnì kan sọ̀rọ̀ ní agogo mẹ́rin, ẹ bẹ àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ọ̀pá wọn, kí ẹ sì fún wọn lówó wọn nínú àpòòwé ní ọjọ́ náà gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn oṣù kan tí ọ́fíìsì bá ṣe tán. Ìyá náà ti dolóògbé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń pìtàn fún wa báyìí. Tábà wà nínú dúrọ́ọ̀ kejì tábìlì mi, mo ti fi aṣọ pupa dì í. Bí yìnyín àkọ́kọ́ bá ti bọ́, ẹ pè mí, n ó fi ọkọ̀ gbé yín lọ.