Ojú tó ń fo ọ̀rọ̀ kéékèèké

Adó-Èkìtì, Ọjọ́bọ̀.

Ìwé ètò ìsìnkú ni mo bá wọn yẹ̀ wò lọ́sàn-án òní ní ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé kan ní Òkèṣà. Àwọn ọmọ olóògbé ti kà á, pásítọ̀ ti kà á. Wọ́n ti fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ "ulé ìsinmi" (ẹnu Èkìtì ni ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ fi tẹ̀ ẹ́, mi ò bá a wí). Wọ́n rí orúkọ bàbá tí lẹ́tà kan jábọ́ nínú rẹ̀. Àmọ́ "A bí wọn sí sí Ìjerò" wà níbẹ̀ gbàgàdà, kò sẹ́ni tó rí i.

Ojú kì í rọra tọ ìlà lọ tá a bá ń kàwé. Fífò ló ń fò: á bà lé ọ̀rọ̀ kan fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá, á tún fò. Orúkọ àti ọ̀rọ̀-ìṣe tó gùn ló sábà máa ń bà lé. "Sí", "ní", "ti" kúrú, wọ́n sì pọ̀ nílẹ̀. Ọpọlọ ti mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ kí ojú tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ìsàlẹ̀ ọpọlọ, lápá òsì, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, la ti ń dá ọ̀rọ̀ tá a kọ sílẹ̀ mọ̀. Ní 1892, Dejerine, oníṣègùn kan ní Paris, kọ nípa ọkùnrin kan tí ibẹ̀ bà jẹ́ lórí rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ń kọ̀wé, àmọ́ kò lè ka ohun tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ ìtàn yìí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi: kéèyàn jókòó ti lẹ́tà tó kọ, kó máa wò ó bí ibi tí adìyẹ ha sílẹ̀.

Àwọn mìíràn wà tí apá iwájú ọpọlọ wọn lósì ló fara pa. Orúkọ nǹkan á ṣì máa yọ lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ kéékèèké ni kì í jáde. Nítorí náà, èmi ò gbà pé inú àpò kan náà ni ọpọlọ ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ sí.

Ọgbọ́n tèmi ni pé mo máa ń kà á láti ìdí ìwé wá sókè, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ìtumọ̀ má baà fa ojú mi lọ.

Ọmọ tó ń tẹ̀ ẹ́ wò mí títí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Lárúbáwá lẹ fẹ́ sọ ọ́ dà ni?"

Mo ní kó jẹ́ kí n parí ojú ìwé kejì. Ibẹ̀ ni mo ti rí "ní ní".