Ẹ Fi Ìka Kan Hàn Mí

Iṣẹ́ físíò, ìyẹn fífi ọwọ́ àti eré ìdárayá tọ́jú ìrora ara, ni mo ń ṣe ní Ìlọrin. Ẹni tó bá wọlé pé ẹ̀yìn ń dun òun, n kì í kọ́kọ́ béèrè X-ray. Mo máa ń ní kó dìde dúró, kó fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka síbi tó ń dùn ún. Bí ìka náà bá lọ tààrà sí ẹ̀gbẹ́ kan lókè ìdí, lábẹ́ ibi tí a ń so bẹ́líìtì mọ́, tó sì tún padà síbẹ̀ nígbà tí mo béèrè lẹ́ẹ̀kejì, oríkèé tó so eegun ìdí mọ́ eegun ìbàdí ni mo máa ń fura sí.

Ọ̀pọ̀ wọn ti mu àgbo jẹ̀dí kí wọ́n tó dé. N ò bá ìyá alágbo jà. Ìdí ló ń dunni, ta ni kò ní ro jẹ̀dí? Àmọ́ ẹ fetí sí ohun tí aláìsàn ń sọ. Àlájà kan tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba ní rírìn kò ni òun lára, àfi kí òun dìde lórí àpótí. Bàbá kan ní ìrun àsùbáà ni wàhálà òun, pàápàá láti ìforíkanlẹ̀ sí ìdúró. Àwọn mìíràn, yíyí lórí bẹ́ẹ̀dì ni. Ìrora náà lè gba ẹ̀yìn itan lọ, ṣùgbọ́n kì í sábà kọjá orúnkún.

Ìdánwò kan kò tó. Mo máa ń kọ́kọ́ ní kó tẹ̀ síwá sẹ́yìn léraléra, torí bí ìrora bá ń ti ìdí sún padà sí àárín ẹ̀yìn, ọ̀rọ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni màá fi ọwọ́ dán oríkèé wò lọ́nà márùn-ún: kó fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n ti itan rẹ̀ sísàlẹ̀, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí n tẹ ìbàdí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mẹ́ta bá jí ìrora tó gbé wá láti ilé, ó tó mi. Èyí tó gbé wá láti ilé ni mo wí o. Ọwọ́ físíò lè fa ìrora tuntun lára ẹnikẹ́ni.

Ọ̀dọ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń le láàárọ̀ ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, tó ń dẹ̀ ẹ́ bó bá ń rìn, dókítà ni mo ń darí rẹ̀ sí fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí kò lè tọ̀ mọ́, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ ti kú tipiri tí kò mọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án, kó gba ilé ìwòsàn lọ lónìí yìí.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní eegun yín ti yẹ̀, òun máa dá a padà, ẹ rọra. Díẹ̀ báyìí ni oríkèé yìí ń mì. Iṣan ìdí ni kí ẹ mú lágbára: ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ ká orúnkún, ẹ gbé ìdí sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́, fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ jókòó wọ ṣòkòtò. Bí ẹ bá fẹ́ yí lóru, ẹ pa orúnkún méjèèjì pọ̀. Bàbá yẹn fi àga kírun títí ara fi balẹ̀.

Oyún máa ń mú ohun tó di oríkèé yìí mú rọ̀, nítorí náà bẹ́líìtì ìbàdí máa ń ran aboyún àti abiyamọ lọ́wọ́. Ẹ má so ó mọ́ ikùn. Ìsàlẹ̀ eegun ìbàdí méjèèjì tó yọ níwájú ni àyè rẹ̀, kó fún díẹ̀, kí ẹ sì lè mí dáadáa.