Gbígbé Láàárín Òkè ní Gúúsù Kwárà: Omi Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìgbómìnà àti Èkìtì Kwárà tó wà ní Ìlọrin, Èkó tàbí òkè òkun ló ń gbèrò àtikọ́lé sílé. Ìbéèrè wọn kì í ju ẹyọ kan lọ: ṣé ilẹ̀ olókè ṣeé gbé? Ó ṣeé gbé, ó sì dùn ún gbé. Àmọ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú lè bo àṣìṣe bíríkìlà mọ́lẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kì í bò ó. Òjò ọdún àkọ́kọ́ ló máa tú àṣírí.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ojú ọjọ́ kúrò ńlẹ̀. Bí èèyàn bá fi 100 mítà gòkè, ooru á fi díẹ̀ lé ní ìdajì dígírì dín kù. Ìlọrin fi nǹkan bí 300 mítà ga ju òkun lọ, Òmù-Àrán sì lé ní 500. Ìyàtọ̀ náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n lóṣù kẹta ara á mọ̀ ọ́n. Kìkì pé kí ẹ má kọ́lé lẹ́bàá àpáta gbalasa: òòrùn tí àpáta bá mu lọ́sàn-án ló ń tú jáde títí di ọ̀gànjọ́, yàrá tó kọjú sí i kì í sì í tutù bọ̀rọ̀. Àwọn kan gbà pé ẹ̀fọn kì í sí lókè. Irọ́ ni. Òkè tiwa kò ga tó ohun tó ń lé ibà. Ó dìgbà tí ibì kan bá lé ní 1,500 mítà kí ibà tó dín kù gidi. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì yín.

Nígbà ọyẹ́, otútù òru máa ń ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ àfonífojì, ibẹ̀ ló sì ń jókòó sí. Ilé tó wà lágbedeméjì òkè máa ń móoru ní ìdájí ju èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ. Bí ẹ bá ní ẹni tí ikọ́ fée ń dà láàmú, tàbí tó ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde, ẹ fi èyí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó yan ilẹ̀.

Omi wá ni ọ̀rọ̀ gan-an. Àpáta líle ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, àpáta kì í sì í mu omi. Inú òkúta tó ti jẹrà, tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ àti àpáta, ni omi ń wà, àti inú ojú sísán tó wà lára àpáta fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ilẹ̀ méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn fi lè yàtọ̀ síra, tí ọ̀kan lómi, tí èkejì gbẹ furúfurú. Bí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ kànga ọlọ́wọ́, oṣù kẹta ni kẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ, nígbà tí omi ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Kànga tí wọ́n gbẹ́ lóṣù kẹsàn-án lè kan omi ní ẹsẹ̀ bàtà 15, kí inú gbogbo èèyàn dùn, kó sì gbẹ kó tó di oṣù kejì.

Ti kànga ẹ̀rọ, ẹ sanwó fún àwọn tó ń fi iná mànàmáná yẹ ilẹ̀ wò kí ẹ̀rọ tó dé. Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù lókè ni pé ọkọ̀ tó gbé ẹ̀rọ náà kò lè gun ibi tí wọ́n yàn, wọ́n á wá gbẹ́ ẹ síbi tí táyà bá dúró sí. Ẹ la ọ̀nà ọkọ̀ ṣáájú. Páìpù tó ń dáàbò bo ihò náà gbọ́dọ̀ gba inú òkúta jíjẹrà kọjá títí yóò fi wọ inú àpáta tó le. Bí wọ́n bá dá a dúró lójú ọ̀nà nítorí owó, yanrìn á máa ya wọlé, pọ́ǹpù á sì jóná. Ṣáláńgá kò gbọ̀dọ̀ sún mọ́ kànga ju 30 mítà lọ, kò sì gbọ̀dọ̀ wà lókè rẹ̀ rárá.

Ẹ gbe omi òjò pẹ̀lú. Òrùlé tó gùn ní mítà 10, tó fẹ̀ ní mítà 10, á gba 2,000 lítà bí òjò mìlímítà 20 bá rọ̀. Ká yọ èyí tó dànù, á ku nǹkan bí 1,600. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kó fọ eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù, ẹ má gbe é. Èèyàn márùn-ún tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń lo 20 lítà lójúmọ́ á lo nǹkan bí 13,500 lítà láti àárín oṣù kọkànlá dé ìparí oṣù kẹta. Táǹkì 5,000 kan ṣoṣo kò lè gbà yín là.

Kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ lọ wò ó ní ọjọ́ kejì òjò ńlá. Gbòǹgbò igi tó yọ síta, òkúta wẹ́wẹ́ tó kóra jọ sójú kan, ipa ọ̀gbàrá tó gba àárín ilẹ̀ kọjá, gbogbo ìyẹn ń fi ọ̀nà omi hàn yín. Ẹ sì bi baálé ẹbí bóyá ibẹ̀ jẹ́ ahoro ìlú àtijọ́ tàbí ojúbọ. Nígbà ogun ọ̀rúndún 19, orí òkè ni ọ̀pọ̀ èèyàn wa sá sí, ilẹ̀ tó ṣófo lónìí lè ní olóhun.

Nígbà ìkọ́lé, orí ilẹ̀ tí ẹ gé wọ inú òkè ni kí ilé jókòó sí, kì í ṣe orí erùpẹ̀ tí ẹ dà sílẹ̀. Erùpẹ̀ dídà máa ń rì, ògiri á sì là láti igun fèrèsé lọ sókè. Bó bá di dandan, ẹ dà á ní ìpele íǹṣì mẹ́fà-mẹ́fà, kẹ́ ẹ máa gún ìpele kọ̀ọ̀kan kó le. Ìpìlẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn, kí ìsàlẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan tẹ́jú. Ògiri tó ń dá ilẹ̀ dúró lẹ́yìn ilé ni wọ́n sábà máa ń fowó rẹ̀ ṣahun. Ilẹ̀ nìkan kọ́ ló ń tì í wó, omi tó há sẹ́yìn rẹ̀ ni. Ẹ fi páìpù íǹṣì mẹ́ta sára rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ọ̀kan jìnnà sí èkejì ní mítà kan sí mítà kan ààbọ̀, kẹ́ ẹ sì to òkúta wẹ́wẹ́ sẹ́yìn rẹ̀, kó nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ la gọ́tà sókè ilé, tí yóò pín ọ̀gbàrá sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kó tó kan ògiri. Afẹ́fẹ́ orí òkè lágbára; òrùlé tó dà sí ọ̀nà mẹ́rin ló ń dúró, kí káfíńtà sì fi irin de igi rẹ̀ mọ́ ògiri.

Èrè ibẹ̀ pọ̀. Òkúta ìkọ́lé kò jìnnà. Àkùrọ̀ ìdí òkè máa ń fún ni ní tẹ̀tẹ̀ àti ata nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ọjà Ìlọrin ń wá a. Àpáta pẹrẹsẹ sì ni ibi ìsáǹkan tó dára jù fún èlùbọ́: ó ń gbóná lábẹ́, òòrùn ń pa á lókè, nígbà ọyẹ́ ó ń tètè gbẹ kí èbu tó hù sí i. Ẹ gbá àpáta náà mọ́, kẹ́ ẹ tẹ́ tapólì sí i kí yanrìn má bàa wọnú èlùbọ́. Lóko, ẹ kọ ebè gígùn kó dábùú òkè. Èyí tó bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà ń la ọ̀nà fún ọ̀gbàrá, iṣu á sì yọrí síta kó tó ta.

Ẹni tó bá ń wakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, jíà kejì ni kó lò, kó má fi sí fírì láti ṣọ́ epo jẹ. Bí bíréèkì bá ń dá gbogbo iṣẹ́ yẹn ṣe, òróró rẹ̀ á hó, ẹsẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀ láìmú ọkọ̀ dúró.