Ohun Tí Mẹ̀sí Ọlọ́yẹ́ Kọ́ Mi Nípa Ìtọ́jú Ọkọ̀

Ní ọdún 2009, mo fi owó tí mo ti ń kó jọ fún ọdún mẹ́rin ra Mercedes-Benz 230E kan ní Ìbàdàn, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní V-boot. Ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ ń dán, ọ̀dà ara rẹ̀ kò ní àbùkù, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ń pa dé pẹ̀lú ìró wúwo kan náà tí mo ti mọ̀ láti kékeré. Oṣù mẹ́rin kò tíì pé tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi gbóná kọjá ààlà lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́, tí orí ẹ́ńjìnnì náà sì wọ́. Owó tí mo fi tún un ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì iye tí mo fi rà á. Mo ń kọ èyí fún ẹni tó bá ń wo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́, nítorí pé ọkọ̀ náà kò jẹ̀bi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi. Ojú ìràwọ̀ ni mo wò nígbà tí mo ń rà á, n kò bèèrè irú ọwọ́ tó ti ń tọ́jú rẹ̀.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ ni àwọn àgbà àdúgbò wa ń pe Mercedes, nítorí pé atẹ́gùn tútù tó ń tinú rẹ̀ jáde dà bí ọyẹ́ oṣù Kejìlá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ọ̀kan tó ń lo dísẹ̀lì, a sì máa ń dá ìró rẹ̀ mọ̀ láti ìkòríta kí a tó rí i. Ohun tí n kò fi ọkàn sí nígbà náà ni pé ní òwúrọ̀ gbogbo, kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó jókòó sídìí sítíárì, wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á fa ọ̀pá ìwọn ọ́ìlì yọ, wọ́n á fi àkísà nù ún, wọ́n á tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n á sì wo omi. Mo rò pé àṣà àgbàlagbà lásán ni. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé ohun tó jẹ́ kí ọkọ̀ náà sìn wọ́n pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ ni mo ń wò.

Ẹni tó la ojú mi ni mẹkáníìkì àgbà kan tí gbogbo ọgbà ń pè ní Bàbá Bẹ́ǹsì. Wọ́n tú orí ẹ́ńjìnnì náà, wọ́n gbé e lé orí pákó, wọ́n fi irin gbọọrọ kan tó gún dáadáa lé e, wọ́n sì ní kí n bẹ̀rẹ̀ kí n wo ìmọ́lẹ̀ tó ń gba abẹ́ irin náà kọjá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé, “Ta ló yọ tẹ́mósítáàtì ọkọ̀ yìí?”

Mo ní, “Bàbá, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rà á. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé ilẹ̀ wa gbóná, pé kò wúlò níbí.”

Wọ́n ní, “Ọmọ mi, àwọn tó fi í síbẹ̀ mọ̀ pé ilẹ̀ gbígbóná wà láyé.”

Wọ́n wá ṣàlàyé fún mi. Iṣẹ́ méjì ni tẹ́mósítáàtì ń ṣe nínú ẹ́ńjìnnì yẹn. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ó ń dí ọ̀nà tí omi ń gbà lọ sí rédíétọ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń mú omi tutù, kí ara ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru dé ibi tó yẹ. Nígbà tí ó bá gbóná tán, ó ń ṣí ọ̀nà rédíétọ̀, ó sì ń ti ọ̀nà àbùjá tí omi lè gbà padà sínú ẹ́ńjìnnì láì dé rédíétọ̀. Bí a bá yọ ọ́ sọnù, àbùjá náà kò ní í tì mọ́, apá kan nínú omi gbígbóná yóò sì máa yí po nínú ẹ́ńjìnnì láì rí atẹ́gùn. Lójú ọ̀nà tó já geere, ènìyàn lè má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá wọ inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tàbí tí ó ń gun òkè, wàhálà dé. Omi ẹ̀rọ lásán ló tún wà nínú rédíétọ̀ mi, kò sí kúláńtì kankan níbẹ̀, ìyẹn omi olóògùn tí kì í jẹ́ kí irin pẹtà, omi náà sì ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Alumíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì náà, omi lásán sì máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ láti inú.

Ọ̀rọ̀ tí Bàbá Bẹ́ǹsì sọ nípa àwọn tó fi í síbẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn àwọn tó dá Mercedes-Benz sílẹ̀, ohun tó sì yà mí lẹ́nu jù ni pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni ọ̀rọ̀ omi àti ìgbóná ti ń bá wọn fà á.

Ìlú Mannheim ní Jámánì ni Carl Benz ti ṣe ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tó ti ẹṣin kan, ó sì béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kíní ọdún 1886. Ìyàwó rẹ̀, Bertha, ti fi lára owó ìgbéyàwó tí àwọn òbí rẹ̀ yà sọ́tọ̀ fún un gba ilé iṣẹ́ Carl lọ́wọ́ ẹni tó bá Carl dá a sílẹ̀, kí wọ́n tilẹ̀ tó ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí ọkọ̀ náà kò rí ẹni rà á, tí ọkọ rẹ̀ sì ń lọ́ra láti gbé e jáde sí gbangba, Bertha jí ní kùtùkùtù ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹjọ ọdún 1888, ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, Eugen tó jẹ́ ọmọ ọdún 15 àti Richard tó jẹ́ ọmọ ọdún 13, ó sì wa ọkọ̀ náà lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Pforzheim láì sọ fún ọkọ rẹ̀ ṣáájú. Ìrìn àjò náà lé ní 100 kìlómítà, ẹnì kankan kò sì tíì fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Gbogbo ohun tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà ni Bertha wá nǹkan ṣe sí. Ọ̀nà epo dí, ó fi pín-ìnnì fìlà rẹ̀ tú u. Wáyà iná bó, ó fi okùn ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ dì í. Epo ń tán lọ, ó yà sí ilé apoògùn ní Wiesloch, ó ra ligroin, èyí tí àwọn ènìyàn ń fi nu àbàwọ́n aṣọ. Igi bíréèkì jẹ tán, ó ní kí oníṣẹ́ bàtà kan kan awọ mọ́ ọn. Òkè sì ga ju agbára ọkọ̀ lọ ní àwọn ibì kan, tí àwọn ọmọ fi sọ̀ kalẹ̀ tì í. Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ mi jù lọ ni pé ẹ́ńjìnnì náà ń fi omi mú ara rẹ̀ tutù nípa jíjẹ́ kí omi náà hó kó sì fẹ́ lọ, nítorí náà wọn kò lè rìn jìnnà kí wọ́n má dúró wá omi bù sí i. Ní alẹ́ ọjọ́ náà wọ́n dé, wọ́n sì fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ sí baba wọn. Nígbà tí Bertha padà sílé, ó sọ ohun tó rí fún ọkọ rẹ̀, ó sì béèrè fún gíà kan sí i tí yóò máa fi gun òkè. Mo gbà pé obìnrin yìí ni awakọ̀ tòótọ́ àkọ́kọ́, nítorí pé ó ń gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ, ó sì ń dá a lóhùn.

Ní Cannstatt, lẹ́bàá Stuttgart, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach ń ṣe iṣẹ́ tiwọn lọ́tọ̀ nínú ilé kékeré kan nínú ọgbà Daimler, níkọ̀kọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olùtọ́jú ọgbà fi rò pé ayédèrú owó ni wọ́n ń rọ, tó sì lọ pe ọlọ́pàá. Daimler kú ní ọdún 1900. Ní àkókò náà ni oníṣòwò kan tó ń gbé ní Nice ní ilẹ̀ Faransé, Emil Jellinek, béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Daimler fún ọkọ̀ tó yá jù, tó sì rẹlẹ̀ sílẹ̀ jù, ó ní kí wọ́n fi orúkọ ọmọbìnrin òun, Mercédès, pè é. Maybach ṣe ọkọ̀ náà, ó sì jáde ní ọdún 1901. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni rédíétọ̀ rẹ̀, èyí tí Maybach fi túùbù wẹ́wẹ́ 8,070 ṣe bí afárá oyin, tí atẹ́gùn ń gbà kọjá láàárín omi, tí ọkọ̀ kò fi nílò omi púpọ̀ mọ́. Ẹ wo bí ó ti jìnnà sí Bertha tó ń wá omi kiri ní ọdún 13 ṣáájú! Láti ìgbà náà ni ojú rédíétọ̀ ti di ojú Mercedes. Iwájú fàdákà tí a ń wò lára V-boot, tí ó ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn yà fún un lójú títì, ọmọ ọmọ ohun èlò tí ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni.

Ìràwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta náà di àmì ilé iṣẹ́ Daimler ní ọdún 1909, ó dúró fún ilẹ̀, omi àti òfuurufú. Ní ọdún 1926 ni ilé iṣẹ́ Benz àti ti Daimler sì di ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn yìí gbọ́dọ̀ ka èyí tó burú nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà ìjọba Hitler, ilé iṣẹ́ náà ṣe ohun èlò ogun, ó sì lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n fi tipátipá mú ṣiṣẹ́, àwọn ẹlẹ́wọ̀n ogun àti àwọn ará àgọ́ ìfìyàjẹni wà lára wọn. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, n kò sì lè sọ ìtàn iṣẹ́ ọwọ́ wọn kí n fò ó.

Lẹ́yìn ogun, Béla Barényi, ọ̀kan nínú àwọn ẹnjiníà wọn, ronú ohun tó lòdì sí èrò gbogbo ènìyàn: pé kí iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ máa rún wọlé nígbà ìjàǹbá, kí yàrá tí ènìyàn jókòó sí má baà rún. Ní ọdún 1959 ni wọ́n ta ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe báyìí. Bíréèkì ABS, èyí tí kì í jẹ́ kí táyà há pa bí a bá tẹ̀ ẹ́ lójijì, tẹ̀ lé e nínú ọkọ̀ ńlá wọn, S-Class, ní ọdún 1978. Lára V-boot tèmi, ohun tó ń dùn mọ́ mi jù ni wáípà ọlọ́wọ́ kan ṣoṣo rẹ̀, tó ń na ara jáde bí ó bá dé igun gíláàsì tó sì ń sún ara kì nígbà tó bá dé àárín, tí ó fi ń nu ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún gíláàsì náà. Bí òjò oṣù Kẹfà bá ń rọ̀ gidigidi, mo máa ń wò ó, inú mi á sì dùn pé ẹnì kan jókòó, ó ronú dé igun gíláàsì.

Iṣẹ́ gbé mi dé Stuttgart ní ọdún 2016, mo sì lọ sí ilé àkójọ ìtàn Mercedes. Ẹ̀rọ agbéniròkè ló kọ́kọ́ gbé wa lọ sí òkè pátápátá, a sì ń rìn sọ̀ kalẹ̀ láti ọdún 1886 wá sí òde òní. Ọkọ̀ tó wù mí jù nínú ìtàn ilé iṣẹ́ náà kì í ṣe ti olówó. Takisí ni, 240 D ọdún 1976 tí Gregorios Sachinidis, awakọ̀ kan ní Thessaloniki ní ilẹ̀ Gíríìsì, wà títí ó fi rin mílíọ̀nù 4.6 kìlómítà, kí ó tó fi í fún ilé àkójọ náà ní ọdún 2004. Ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo kọ́ ló fi rìn ín. Ó ń sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ láti tún un ṣe, ó sì ń gbé òmíràn sí i. Mo rántí ẹ̀gbọ́n bàbá mi àti àkísà ọwọ́ wọn.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ ra Mercedes àtijọ́, lọ wò ó ní òwúrọ̀, kí o sì bẹ ẹni tó ń tà á kó má tíì tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kí o tó dé. Ṣí ìdérí omi nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, má ṣe dán an wò nígbà tó bá gbóná, kí o sì wo àwọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá pọ́n bí ìpẹtà, ọkọ̀ náà ti sọ ìtàn ara rẹ̀ fún ọ. Béèrè tẹ́mósítáàtì. Wà á wọ inú ọjà, níbi tí ọkọ̀ kò ti lè sáré, kí o dúró níbẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ojú rẹ má kúrò lára gééjì ìgbóná. Ó yẹ kó gòkè dé 80 tàbí kó kọjá rẹ̀ díẹ̀, kó sì dúró. Mú mẹkáníìkì tìrẹ lọ, ẹni tó mọ Mercedes, má ṣe gba èyí tí ẹni tó ń tà á bá mú wá. Béèrè ìwé owó àtúnṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ èyí tí epo ti rin gbingbin. Ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá tí ó ní ìwé wù mí ju èyí tó ń dán tí kò ní nǹkan kan lọ. Fi ìdá kan nínú ìdá mẹ́ta owó rẹ sílẹ̀, má ṣe fi gbogbo rẹ̀ rà á, nítorí pé ọdún àkọ́kọ́ yóò béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, pàápàá fún rọ́bà, bèlíìtì àti páìpù omi.

V-boot mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwé kékeré kan wà nínú dásíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tí mo ń kọ gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe sí i sí, pẹ̀lú ọjọ́ àti iye kìlómítà, láti ọjọ́ tí Bàbá Bẹ́ǹsì dá orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà. Ìlà àkọ́kọ́ inú ìwé náà ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ: tẹ́mósítáàtì tuntun, kúláńtì tuntun. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ kan yóò gba ìwé náà kí n tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́.