Bọ́ọ̀lù kọ́ ni ọ̀bọ ń wá

Apá òsì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí. Láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, kò sí irun kankan níbẹ̀, ó ń dán bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bó. Òun fúnra rẹ̀ ló ń tu ú. Á jókòó sí igun àgò, á fi ìka méjì mú ẹyọ irun kan, á fà á yọ, á wò ó, á sì jẹ ẹ́. Ọjọ́ kejì tí mo wọṣẹ́ nìyẹn, lọ́dún 2011, ní ilé ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tí mi ò ní dárúkọ. Nọ́ńbà ni wọ́n fín sí ọ̀bọ náà láyà, ṣùgbọ́n èmi ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fọ àgò, kí n máa fún wọn lóúnjẹ, kí n sì máa kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé. Mo ti sin adìyẹ àti ewúrẹ́ nílé kí n tó rìnrìn àjò, mo rò pé mo mọ ẹran sìn. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá mi pé irun Àbẹ̀kẹ́ ń tán lọ, ó ní kí n fún un ní bọ́ọ̀lù rọ́bà. Mo fún un. Ó yí i lẹ́ẹ̀mejì, ó gé e jẹ wò. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, bọ́ọ̀lù ti wà nínú ìgbẹ́ nísàlẹ̀ àgò, Àbẹ̀kẹ́ sì ti padà sídìí irun rẹ̀. Mo gbé bọ́ọ̀lù pupa wá. Mo gbé dígí kọ́. Pàbó ló já sí.

Àwọn ọmọ wa ń wọ irú iṣẹ́ yìí ní òkè òkun báyìí, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ fún wọn kò ju "wọ ìbọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ kó gé ọ jẹ" lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ èyí nìyẹn.

Ọ̀bọ rhesus ni àwọn tí mo tọ́jú. Éṣíà ni ilé wọn, agbo ni wọ́n sì ń gbé níbẹ̀: ìyá àgbà, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ọmọ ọmọ, kálukú mọ ẹni tó jù ú lọ. Tipẹ́tipẹ́ ni ilé ìwádìí ti ń fi wọ́n sínú àgò irin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, pé kí wọ́n má baà jà, kí àìsàn má baà ràn, kó sì rọrùn láti gún wọn lábẹ́rẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Harry Harlow, onímọ̀ nípa ìwà àti ọkàn ní Wisconsin ní Amẹ́ríkà, gba àwọn ọmọ ọ̀bọ lọ́wọ́ ìyá wọn, ó ṣe ìyá méjì fún wọn: ọ̀kan wáyà lásán tó gbé ìgò wàrà dání, èkejì tí wọ́n fi aṣọ bò. Ìyá aṣọ ni àwọn ọmọ náà rọ̀ mọ́. Tí ebi bá pa wọ́n, wọ́n á sáré lọ mu wàrà lára wáyà, wọ́n á tún sáré padà. Ọdún 1958 ló gbé e jáde fún aráyé. Ìyá ẹlẹ́kọ àdúgbò wa ì bá ti sọ ìyẹn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ó di ọdún 1985 kí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà tó tún òfin ẹranko ti 1966 ṣe, tí wọ́n fi kún un pé ibùgbé ọ̀bọ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọkàn rẹ̀ náà á fi balẹ̀. Ìlànà bí wọ́n ṣe máa ṣe é tún di 1991 kó tó jáde.

Dókítà ẹranko tuntun kan tó dé ọ̀dọ̀ wa ló wo apá Àbẹ̀kẹ́ tó ní, "Ẹnìkejì ló ń wá." Mo ní ìwé rẹ̀ sọ pé ó máa ń jà. Ó ní, "Bá ta ni?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tèmi kí n tó dé orí àṣeyọrí. Kó tó kan Àbẹ̀kẹ́, a kọ́kọ́ gbìyànjú pẹ̀lú àwọn méjì míì. Ọ̀sán Jímọ̀ ni mo yọ irin tó wà láàárín wọn. Wọ́n wo ara wọn, kò sí ìjà, mo gba ilé lọ. Nígbà tó máa fi di àárọ̀ Sátidé, ẹni kékeré inú wọn ti pàdánù orí ìka kan. Abọ́ oúnjẹ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, igi ìjókòó kan ṣoṣo, kò síbi tí ẹni tí wọ́n ń lé lè fara pamọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó ń ṣọ́ wọn lópin ọ̀sẹ̀. Èmi ni mo yọ irin náà. Títí dòní, mi ò kì í so ọ̀bọ pọ̀ lẹ́yìn ọjọ́rú.

Bó ṣe yẹ ká ṣe é rèé. A gbé àgò Àbẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo sọ ní Àṣàkẹ́, ike tó mọ́ gaara wà láàárín wọn, wọ́n ń rí ara wọn lásán. Lẹ́yìn náà a fi irin tí ìka lè gbà kọjá rọ́pò ike. Ojú ni iṣẹ́ kù sí. Ẹ má jẹ́ kí eyín tàn yín: ọ̀bọ rhesus tó ṣí eyín kalẹ̀ tó dà bíi pé ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù ló ń bà á, ó ń sọ pé "ẹ̀gbọ́n, mo júbà" ni. Tí ọ̀kan bá ń júbà tí èkejì sì gbà á, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Tí àwọn méjèèjì bá ń ranjú mọ́ra wọn, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ àbúrò, ẹ wá ẹlòmíì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta, Àbẹ̀kẹ́ ki apá tó pá yẹn gba àárín irin. Àṣàkẹ́ wò ó, ó tẹ orí ba, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tú awọ ara náà wò bí onídìrí tó ń wá iná lórí ọmọ. Mo dúró sójú kan, omi ń kán láti inú ọ̀pá tí mo fi ń fọlẹ̀ sínú bàtà mi. Irun náà hù padà, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀, tí ariwo bá sì pọ̀ nínú yàrá, Àbẹ̀kẹ́ ṣì máa ń tu díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ mọ́.

Kẹ́hìndé ni èmi, nítorí náà mo gbọ́ oríkì ìbejì lẹ́nu ìyá mi títí ó fi há mi lórí: "ọmọ ẹdun tí ń ṣeré lórí igi." Mo kì í kiri fún ọgbọ̀n ọdún láì ronú sí i. Orí igi! Lóòótọ́ rhesus máa ń jẹun nílẹ̀ dáadáa, ó yàtọ̀ sí ẹdun, ṣùgbọ́n òkè ló ń sá sí bí ẹ̀rù bá bà á, òkè náà ló ń sùn. Òfin Amẹ́ríkà ní kí ọ̀bọ tó wúwo tó kílò 3 sí 10 ní ilẹ̀ tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 4.3 (square feet), kí àgò rẹ̀ sì ga tó ínǹṣì 30. Òfin Yúróòpù ti 2010 ní kí ti irú rhesus ga tó mítà 1.8, ìyẹn ga jù mí lọ. Lọ́dọ̀ wa, àgò máa ń wà ní ìpele méjì. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ń gbé nínú òkùnkùn, òkè orí wọn ni ènìyàn máa ń wà. A ṣí ìpele méjèèjì sínú ara wọn, a gbé igi ìjókòó sókè pátápátá. Ẹ̀yin ará ilé náà tí ẹ fi ṣéènì so ọ̀bọ mọ́ ìdí máńgòrò ní ilé mẹ́káníìkì, tí okùn rẹ̀ kò sì jẹ́ kó gùn ún, ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀.

Oúnjẹ ńkọ́? Bísíkíìtì ọ̀bọ péye lóòótọ́, fítámì C pàápàá wà nínú rẹ̀, torí pé bíi tiwa, ara wọn kì í ṣe é fúnra rẹ̀. Àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti jẹ ẹ́ tán. Kí ló máa wá ṣe títí ilẹ̀ máa fi ṣú? Nínú igbó, wíwá oúnjẹ ni iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Mo gé kápẹ́ẹ̀tì oníkoríko, mo kàn án mọ́ pákó, mo so ó síta àgò, mo bu ọkà bàbà ẹ̀kúnwọ́ kan dà sáàárín koríko náà. Ìka kan, ẹyọ kan. Mo ti rí i tí ẹ̀kúnwọ́ yẹn gbà wọ́n ju ogójì ìṣẹ́jú lọ. Ẹ yọ ìwọ̀n rẹ̀ kúrò nínú oúnjẹ ojoojúmọ́ o, ọ̀bọ máa ń sanra, àtọ̀gbẹ sì ń ṣe é.

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ló gbà wá ní sùúrù jù. Tẹ́lẹ̀, a máa ń fa ẹ̀yìn àgò síwájú títí yóò fi há ọ̀bọ mọ́lẹ̀. Á ké, gbogbo yàrá á ké, ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, a fi èso àjàrà gbígbẹ kọ́ wọn: fọwọ́ kan igi yìí, gba ẹyọ kan, na ẹsẹ̀ síta, gba méjì, jẹ́ kí n fi ìgò abẹ́rẹ́ tí kò ní abẹ́rẹ́ kàn ọ́, gba mẹ́ta. Ó gba Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án, Àṣàkẹ́ ní márùn-ún. Àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tó ń kùn pé a ń fàkókò ṣòfò dákẹ́ nígbà tí dókítà rán wọn létí pé ìpayà máa ń yí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ padà, àbájáde ìwádìí tiwọn náà ni á bàjẹ́.

Ẹ má ṣe wò wọ́n lójú kòró. Ìjà ni lọ́dọ̀ wọn. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í ranjú mọ́ àgbà, ìyẹn ràn mí lọ́wọ́ ju gbogbo ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ṣe fún mi lọ. Ẹ sì wọ awò ìdáàbòbò: kòkòrò àrùn kan tí wọ́n ń pè ní B máa ń wà lára wọn láìṣe wọ́n ní nǹkan tó le, ó sì ń pa ènìyàn. Lọ́dún 1997, òṣìṣẹ́ kan kú nítorí ohun tó ta sí i lójú láti ara ọ̀bọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yín, kí ẹ tó béèrè ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ẹ béèrè ìwé àwọn tó dá wà. Tí dókítà bá yọ ọ̀bọ kan kúrò nínú ètò ìfọ̀kànbalẹ̀ tí òfin là sílẹ̀ yìí nítorí àìlera, òfin Amẹ́ríkà ní kó kọ ìdí rẹ̀, kó sì máa tún un yẹ̀ wò ní gbogbo ọjọ́ 30, àfi tí àìlera náà bá jẹ́ ti títí láé. Ẹ ka ìdí náà, ẹ wo déètì rẹ̀. Ti Àbẹ̀kẹ́ ti lo ọdún mẹ́fà nínú fáìlì. "Ó máa ń jà," ẹsẹ ọ̀rọ̀ kan péré. Nígbà tí a tú ìwé àtijọ́, a rí i pé ìjà kan ṣoṣo ló jà, ẹni tó bá a jà sì ti kúrò níbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.