Ọjọ́ ogbó kì í dé lóru ọjọ́ kan

Ẹ̀yin tí òbí yín ti ń dàgbà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ohun tí ìtọ́jú màámi kọ́ mi ni pé ẹ má ṣe dúró dìgbà tí ara bá gbóná kí ẹ tó gbà pé àìsàn ti wọ àgbàlagbà lára.

Nígbà tí òtútù àyà mú wọn, ara wọn kò gbóná, wọn kò sì wúkọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí a rí ni pé wọ́n ti àmàlà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń fi orúkọ àbúrò wọn tó ti ṣaláìsí pè mí, wọ́n sì ní kí n sáré lọ kó ọjà wọlé kí òjò tó dé. Ọjà wo? Wọ́n ti fi ìsọ̀ sílẹ̀ tipẹ́! Aládùúgbò kan ní ọjọ́ ogbó ni. Òmíràn ní ibà ni, ká wá àgbo. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ tó ṣáájú ni màámi ṣírò owó àjọ fún mi tí kọ́bọ̀ kan kò sọnù. Ìyípadà òjijì lára àgbà, àìsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. A gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n ya ẹ́síréè àyà wọn, òtútù àyà ló jókòó síbẹ̀.

Dókítà là á yé mi pé ara ọ̀pọ̀ àgbà máa ń tutù díẹ̀ ju ti ọ̀dọ́ lọ, nítorí náà ìgbóná tí a ò kà sí lè jẹ́ nǹkan ńlá fún wọn. Ẹ ra tẹmómítà, ẹ wọn ara wọn lọ́jọ́ tí ara wọn le, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá fi dígírì kan àti díẹ̀ ga ju ìyẹn lọ, ẹ má fọwọ́ lẹ́rán.

Kì í ṣe iye ọdún nìkan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ̀gbọ́n màámi ju màámi lọ dáadáa, wọ́n ṣì ń lọ sóko, ọ̀fìnkìn kì í dá wọn dùbúlẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń bá màámi fínra ní tiwọn. Ẹ̀yà ara kan wà lẹ́yìn eegun àyà níbi tí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ wa ti ń kọ́ṣẹ́ ogun. Láti ìgbà èwe ló ti ń súnkì, nígbà tí a bá fi darúgbó, àwọn tuntun tó ń jáde níbẹ̀ kò tó nǹkan mọ́. Àtọ̀gbẹ wá tún ń sọ àwọn tó kù di ọ̀lẹ. Ti ọmọdé yàtọ̀: ara wọn kò tí ì mọ ọ̀tá ni, ìdí rèé tí ibà fi ń pa àwọn tí kò tí ì pé ọdún 5 jù lọ nílẹ̀ Áfíríkà. (Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ́nù tó ń bọ̀ wálé, ara yín náà lè ti gbàgbé ibà o. Ẹ béèrè oògùn tó ń dènà ibà kí ẹ tó gbéra.)

Ọkàn náà ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Láti ìgbà tí bàámi ti lọ, màámi kò lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ mọ́. “Kí ni mo tún ń wá láyé?” ni wọ́n ń wí ṣáá. Oorun dín kù, oúnjẹ dín kù. Kòkòrò ló ń fa òtútù àyà, kì í ṣe ìbànújẹ́, ṣùgbọ́n lọ́dún 1991 Sheldon Cohen, onímọ̀ nípa ọkàn àti ìhùwàsí ẹ̀dá, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde: wọ́n kán kòkòrò ọ̀fìnkìn sí imú àwọn èèyàn tí ara wọn le, àwọn tí ìdààmú ọkàn wọn pọ̀ jù sì ni ọ̀fìnkìn mú jù. Nítorí náà, ẹ má gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ àgbà ní orúkọ ìkẹ́, kí ọkàn wọn má baà rẹ̀wẹ̀sì. Màámi ló ń gba àjọ obìnrin àgbàlá wa báyìí, wọ́n sì ń bá ẹni tó bá pẹ́ san án jà gidi.

Orí ìjókòó ni kí àgbà ti máa jẹun, kí oúnjẹ má baà ṣìnà lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tó ń lo eyín àtọwọ́dá, kó yọ ọ́ kó tó sùn, kó sì fọ̀ ọ́. Ẹ tún béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù àti ti òtútù àyà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ ni ti fúlúù fún ẹni tó ti pé ọdún 65. Níbí, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ àpò yín lẹ ó ti san án, ẹ yáa béèrè iye rẹ̀ kí ẹ tó gbé wọn jáde nílé.