Wọ́n ti sọ fún mi, n ò gbọ́: bí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé ṣe nà mí ní tẹníìsì ní Kàbà

Okun o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbá tẹníìsì nírọ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń gbóná lára mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó tó tutù. Lọ́sẹ̀ Kérésì tó kọjá, nígbà tí kálukú ti ti Lọ́kọ́jà, Àbújá àti Èkó wálé, bàbá kan tó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún nà mí ní àṣekágbá ìdíje wa ní Kàbà. Àpò ìrẹsì kan ni ẹ̀bùn. Ìyàwó mi ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìrẹsì ń bọ̀.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bàbá yìí ò gbá bọ́ọ̀lù líle kan ṣoṣo. Ògiri ni àwọn ọmọ ìdí kóòtù ń pè wọ́n, torí ohunkóhun tó o bá gbá lù wọ́n ló máa padà wá bá ọ. Gbogbo yín lẹ mọ irú wọn. Wọ́n á dúró sẹ́yìn ìlà, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù sókè fíofío, á balẹ̀ sínú, wọ́n á sì máa dúró de èyí tó kàn. Èmi ń gbá tèmi bí ẹni ń la igi. Sẹ́ẹ̀tì kìíní, 6–2, èmi ni mo jẹ ẹ́. Sẹ́ẹ̀tì kejì, 5–3, èmi ni mo ń sáàfù, 40–15. Àǹfààní méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ọ̀kan péré ni mo nílò kí ìrẹsì di tiwa.

Ẹ jẹ́ kí n rọra sọ èyí, torí ibẹ̀ ni ọkàn mi ṣì wà títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Àǹfààní àkọ́kọ́: bọ́ọ̀lù ti lọ, ó ti bọ̀, kò ní dín ní ogún ìgbà. Ó sú mi. Ọ̀kan wá balẹ̀ sí fóhán mi, ìhà ọwọ́ tí mo fi ń gbá, mo ní kí n fi parí ọ̀rọ̀, mo fi gbogbo agbára ta á gba ẹ̀gbẹ́ ìlà tààrà. Ó ba òkè nẹ́ẹ̀tì nítòsí òpó, ó jókòó síbẹ̀ díẹ̀ bí ẹyẹ, ó sì jábọ́ sọ́dọ̀ mi.

Èkejì: bàbá gbé bọ́ọ̀lù sókè. Ẹni tó da sìmẹ́ǹtì kóòtù wa kọjú ẹ̀ sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, Ọlọ́run ló mọ ìdí. Kì í ṣe pé mo fẹ́ fi oòrùn ṣe àwáwí o. Bó ṣe ń wọ̀ mí lójú ló ń wọ bàbá náà lójú tí a bá ti pààrọ̀ ìhà. Àmọ́ aago márùn-ún ti kọjá, ọyẹ́ ti sọ oòrùn di pupa lórí òkè. Mo gbójú sókè, bọ́ọ̀lù wọ inú oòrùn, n ò rí i mọ́. Mo kàn ju rákẹ́ẹ̀tì sí i. Etí rákẹ́ẹ̀tì ló bà á. Bọ́ọ̀lù fò kọjá wáyà, ó já sínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn kóòtù.

Bọ́ọ̀lù wa ò pọ̀. Ọmọ kan fo wáyà kọjá lọ wá a, gbogbo wa sì dúró. À ń gbọ́ bó ṣe ń ya ewé ẹ̀gẹ́. Bàbá fi etí síńgílẹ́ẹ̀tì wọn nu ọwọ́ rákẹ́ẹ̀tì, wọ́n nu ún, wọ́n tún nu ún, wọn ò wò mí. Ẹnì kan ké láti ìdí wáyà pé, “Ẹ̀gbọ́n, bàbá ò tíì làágùn o!” Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín, títí kan ìyá tó ń dín àkàrà. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ itọ́ ti gbẹ lẹ́nu mi. Nígbà tí ọmọ yẹn máa fi jáde pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, mo ti mọ̀ nínú ara mi pé nǹkan náà ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo sáàfù síta lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Ó di 6–6, bàbá gba tai-brékì, géèmù kan tó ń pinnu sẹ́ẹ̀tì, 7–3. Sẹ́ẹ̀tì kẹta, 6–1. Ẹ má bi mí léèrè nípa sẹ́ẹ̀tì kẹta.

Kì í ṣe ìrẹsì ló ń dùn mí. (Ó dùn mí o, àmọ́ kì í ṣe òun gan-an.) Ohun tó ń dùn mí ni pé bàbá ti sọ gbogbo àṣírí ara wọn fún mi kí a tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ rántí ìṣẹ́jú márùn-ún tí wọ́n máa ń fún wa láti fi dán ọwọ́ wò. Èmi fi tèmi ṣe fàájì: mo ń yin fóhán kí àwọn ará Àbújá lè rí i, mo ní kí bàbá gbé bọ́ọ̀lù sókè fún mi kí n máa já a lulẹ̀. Nígbà tó kàn wọ́n láti wá sídìí nẹ́ẹ̀tì, wọ́n juwọ́ pé, “Má ṣèyọnu.” Mo fi bọ́ọ̀lù kan sílẹ̀ ní kúkúrú, ó balẹ̀ níwájú wọn. Wọn ò sáré. Wọ́n jẹ́ kó ta lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ọwọ́ mú un, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. Mo ní ọjọ́ orí ni.

Lóru ọjọ́ yẹn tí oorun kọ̀ tí ò wá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye ìgbà tí bàbá wá sídìí nẹ́ẹ̀tì nínú odindi sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré. Bọ́ọ̀lù tí mo gbá tì, tó kú sítòsí, ló sì fà wọ́n wá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èmi ni mo jẹ ẹ́.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ bá gbá ni kẹ́ ẹ máa wò nígbà ìdánrawò. Ṣé ó ń sá yí bákhán, ìhà kejì, ká kó lè fi fóhán gbá a? Ṣé inú kóòtù ló dúró, àbí mítà méjì sẹ́yìn ìlà? Tí bọ́ọ̀lù bá wá nísàlẹ̀, ní orúnkún, ṣé ó ń bẹ̀rẹ̀ àbí ó kàn ń na ọwọ́? Ṣé ó béèrè fọ́lì, bọ́ọ̀lù tí èèyàn ń gbá kó tó balẹ̀? Èyí tó bá kọ̀ láti gbá nígbà tí kò sí nǹkan kan nílẹ̀, òun náà ló máa sá fún nígbà tó bá di 30–40.

Ògiri, iwájú ni kẹ́ ẹ fà á wá. Ẹ fi sìláìsì (bọ́ọ̀lù tẹ́ ẹ fi rákẹ́ẹ̀tì gé lábẹ́) kúkúrú tí kò ní fò pè é, tó bá ti dé ìdí nẹ́ẹ̀tì tó ń wá ibi tó máa fi ọwọ́ sí, ẹ gbé èyí tó kàn gba orí rẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi agbára bá a jà, agbára yín ló ń jẹ yó. Tí kò bá sí ààyè àtifà á wá, ẹ máa gbá a láti igun sí igun. Àárín nẹ́ẹ̀tì ò ga ju ẹsẹ̀ bàtà 3, nídìí òpó ó jẹ́ 3 àbọ̀; kóòtù gùn ní ẹsẹ̀ 78, àmọ́ láti igun kan sí ìkejì ó tó bíi 82 àbọ̀ fún ẹni kan sí ẹni kan. Nẹ́ẹ̀tì kéré níbẹ̀, ààyè sì pọ̀. Èmi wá lọ wá ibi tó ga jù, tó sì kúrú jù, lórí àǹfààní àkọ́kọ́ yẹn. Mo sì mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ o! Ẹ má rò pé n ò mọ̀ ọ́n.

Ó ti mí lójú díẹ̀ láti sọ bí ẹ ṣe máa na ẹni tó ń gbá líle láti ẹ̀yìn, torí irú mi nìyẹn. Ẹ má fún un ní bọ́ọ̀lù tó ń yára. Ní àṣekágbá Wimbledon, ìdíje ńlá tí wọ́n ń gbá lórí koríko ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1975, Jimmy Connors fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tó bá yára, eré ẹlòmíràn ló fi ń gbá tirẹ̀. Arthur Ashe, tó jẹ́ pé òun náà máa ń gbá líle, mọ̀ọ́mọ̀ rọ ọwọ́: bọ́ọ̀lù rírọ̀, bọ́ọ̀lù ìsàlẹ̀, òmíràn gba orí. 6–1, 6–1, 5–7, 6–4, Ashe ló gba ife. Ohun tí bàbá ṣe fún mi gan-an nìyẹn, ní Kàbà, tàwọn ti bàtà kánfáàsì.

Asáré-wá-sí-nẹ́ẹ̀tì kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹ gbá a sí i lẹ́sẹ̀ nígbà tó ṣì ń sáré bọ̀, kẹ́ ẹ sì tètè gbé méjì gba orí rẹ̀, kódà tẹ́ ẹ bá pàdánù méjèèjì, kó má bàa lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Àwọn àgbà máa ń rán wa létí Nduka Odizor, ọmọ Nàìjíríà tó na Guillermo Vilas, ẹni tí wọ́n tò sí ipò kẹrin, ní Wimbledon 1983, lẹ́yìn tí Vilas ti jẹ sẹ́ẹ̀tì méjì. Òótọ́ ni, àmọ́ orí koríko nìyẹn. Sìmẹ́ǹtì wa máa ń gbé bọ́ọ̀lù sókè fún ẹni tó wà lẹ́yìn.

Ọlọ́wọ́ òsì: bákhán rẹ̀ wà níbi tí fóhán àwọn tó kù máa ń wà. Ó tán.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ara mi ni kò dá, tàbí pé mo kó ọtí Kérésì sínú. Ara mi dá ṣáṣá. Ojú ni n ò lò.

A tún pàdé ní Sátidé tó kọjá, láìsí ẹ̀bùn kankan. Mo fi sìláìsì fa bàbá wá síwájú títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún rákẹ́ẹ̀tì wọn. 6–4, 6–3. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní, “Okun o. Ìrẹsì yẹn ti tán nílé, má yọ ara rẹ lẹ́nu.” Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mò ń padà sí Lọ́kọ́jà, mo yà níbẹ̀. Bàbá ti wà nídìí nẹ́ẹ̀tì, ọmọ tó wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ́jọ́ yẹn ń ju bọ́ọ̀lù sí wọn níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbá a kó tó balẹ̀.